Bí àkáǹtì ọmọ yín tó ń wọ yunifásítì bá ń falẹ̀ ní báńkì

Owó ilé-ìwé, ibùsùn, mátírẹ́ẹ̀sì àti kòkò ìdáná lòbí máa ń sáré lé kí ọmọ tó wọ yunifásítì. Àkáǹtì báńkì kì í sí nínú ètò, nítorí ó jọ ohun tí ọmọ lè ṣí láàárín wákàtí kan lọ́jọ́ tó bá wù ú. Tí wọ́n bá wọlé tó ọ̀sẹ̀ kejì ni ariwo máa ń bẹ́. Owó ti kúrò lọ́wọ́ yín, kò sì tíì dé ọwọ́ ọmọ. Báńkì ní kó padà wá lọ́la. Ọ̀la dé, wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á. Ìwé ọmọ ni kò bára mu: orúkọ kan lórí NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè), òmíràn lórí BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báńkì), òmíràn lórí lítà àdímíṣọ̀n. Òṣìṣẹ́ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lè rí i pé ọmọ kan náà ni. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tó lè wọ̀ ọ́ létí. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe nílé, kí ẹnikẹ́ni tó dé báńkì.

Ẹ tẹ́ ìwé gbogbo sílẹ̀

Ẹ ṣe èyí ní oṣù kan, ó kéré tán, kí ilé-ìwé tó wọlé. Ẹ kó ìwé NIN ọmọ, ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀, èsì WAEC tàbí NECO, lítà àdímíṣọ̀n JAMB, àti BVN bó bá ti ní, jọ sójú kan. Ẹ mú bébà, kí ẹ da orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Ẹ má kọ èyí tó wà lórí yín o. Èyí tí ojú yín rí lórí ìwé ni kí ẹ kọ.

Bí ọmọ bá ti gbàgbé nọ́ńbà NIN rẹ̀, kó tẹ *346# lórí síìmù tí wọ́n so mọ́ NIN náà. Ti BVN ni *565*0#, lórí nọ́ńbà tó fi ṣe BVN. ₦20 ni wọ́n máa ń yọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kí owó ìpè wà lórí síìmù. Nọ́ńbà nìkan ni wọ́n máa fi hàn yín, wọn ò ní sọ orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Orí ìwé NIN tí ẹ tẹ̀ jáde lẹ ti máa rí orúkọ.

Níbi tí orúkọ Yorùbá ti máa ń dá wàhálà sílẹ̀ nìyí. Olúwaṣeun lè jẹ́ Oluwaseun lórí NIN, kó jẹ́ Oluwa Seun lórí WAEC nítorí pé olùkọ́ tó kọ fọ́ọ̀mù fi àlàfo sí i, kó sì jẹ́ Seun lásán lórí BVN tí ọmọ fúnra rẹ̀ lọ ṣe. Ọláolúwa lè jẹ́ Olaoluwa, Ola-Oluwa tàbí Ola'Oluwa. Ti àwọn Mùsùlùmí tún le jù bẹ́ẹ̀: Rasheedat, Rashidat àti Rasidat, Sulaimon, Sulaiman àti Suleiman. Ẹnì kan náà ni gbogbo wọn nílé, ṣùgbọ́n ẹ̀dá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lójú ẹ̀rọ. Ti pé orúkọ ìdílé ṣíwájú níbì kan tó sì kẹ́yìn níbòmíràn sábà máa ń rọrùn, bí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣáà pé. Lẹ́tà kan tó yàtọ̀ nínú orúkọ ìdílé, tàbí orúkọ àárín tí wọ́n fò, ló máa ń dá fáìlì padà.

Ẹ tún wo ọjọ́ ìbí dáadáa. 03/07 àti 07/03 máa ń yí síra wọn nígbà tí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá fi oṣù ṣíwájú ọjọ́, ó sì lè tó ọdún mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbejì, ẹ rí i pé Táíwò àti Kẹ́hìndé ní nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí nọ́ńbà kan ò lè gba iṣẹ́ ẹni méjì lórí áàpù báńkì.

Èwo la kọ́kọ́ ń tún ṣe?

NIN ni. Láti 2021 ni JAMB ti ń lo NIN fún ìforúkọsílẹ̀ UTME, torí náà orúkọ tó bá wà lórí NIN ló máa ń bá ọmọ dé ibẹ̀. NIN náà ni báńkì máa ń yẹ̀ wò. Bí NIN bá ti tọ̀nà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àwọn ìwé tó kù ni kí ẹ fà wá bá a. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ṣì, òun ni kí ẹ tún ṣe kí ẹ tó lọ bá ẹlòmíràn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa tún BVN ṣe lónìí, ẹ ó sì tún un ṣe padà lóṣù tó ń bọ̀.

Orí ìkànnì NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, tàbí ní ọ́fíìsì wọn ni wọ́n ti ń tún NIN ṣe. Ti ọjọ́ ìbí gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìbí láti ọ̀dọ̀ àjọ ètò ìkànìyàn, NPC, lẹ́yìn rẹ̀, owó rẹ̀ sì wọ́n ju ti orúkọ lọ fíìfíì. Iye náà máa ń yí padà, nítorí náà orí ìkànnì NIMC gan-an ni kí ẹ ti wò ó. Ẹ má gbọ́ tàwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn pẹ̀lú fóònù méjì lọ́wọ́, tí wọ́n ń sọ pé àwọn máa bá yín ṣe é kíákíá. Bó bá jẹ́ pé orúkọ yí padà pátápátá, tí kì í ṣe àṣìkọ lásán, wọ́n máa béèrè ìwé ìbúra láti kóòtù àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn.

Ẹ fi sùúrù ṣe ti ọjọ́ ìbí lórí BVN. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, gbà kí wọ́n tún un ṣe, pẹ̀lú ẹ̀rí. Ẹni tó bá sáré tún un ṣe kó lè bá NIN tó ṣì mu ti lo àǹfààní kan ṣoṣo tó ní dànù.

Lẹ́yìn tí NIMC bá ti tún un ṣe tán, ẹ tẹ ìwé NIN tuntun jáde. Báńkì ṣì lè máa rí orúkọ àtijọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Kí ọmọ má jiyàn níbẹ̀. Kó ní kí wọ́n tún NIN yẹ̀ wò lákọ̀tun lójú òun, kì í ṣe pé kí wọ́n máa wo èyí tí wọ́n ti fà jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18

Ọmọ ọdún 16 lè wọ yunifásítì, JAMB gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú báńkì, ọmọdé ṣì ni títí yóò fi pé 18. Àkáǹtì tí wọ́n máa ṣí fún un máa wà lábẹ́ òbí: BVN àti NIN yín ni wọ́n máa gbà, ẹ̀yin lẹ sì máa fọwọ́ sí i. Ìyẹn ni pé ẹ̀yin gan-an lẹ gbọ́dọ̀ lọ, kì í ṣe àǹtí tó ń gbé nítòsí ilé-ìwé. Bẹ́ ẹ bá ń gbé Èkó tí ọmọ ń lọ sí Ìlọrin, Èkó ni kí ẹ ti ṣí i kó tó gbéra.

Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan: ṣé wọ́n máa fún ọmọ ní káàdì ATM, ṣé ó lè lo áàpù lórí fóònù tirẹ̀, ṣé wọ́n sì lè ṣe BVN fún un báyìí? Ìdáhùn máa ń yàtọ̀ láti báńkì kan sí èkejì. Lọ́jọ́ tó bá pé 18, àkáǹtì náà gbọ́dọ̀ di tirẹ̀, pẹ̀lú BVN rẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé tirẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ yẹn sílẹ̀, kó má lọ bọ́ sáàárín ìdánwò.

Ohun méjì tó tún ń fa ìdádúró fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rèé. Èkíní, bó bá jẹ́ pé ó ti gba NIN kó tó pé 16, abẹ́ NIN òbí ni wọ́n ti ṣe é, ó sì gbọ́dọ̀ padà lọ sí NIMC kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n sì gba ìtẹ̀ka rẹ̀. Báńkì ò ní rí ìka kankan tí wọ́n máa fi wé tirẹ̀ bí kò bá lọ. Èkejì, síìmù ọmọ tí kò tíì pé 18 máa ń wà lórí NIN òbí. Kò burú. Ọwọ́ ọmọ ni kí síìmù ọ̀hún ṣáà wà, nítorí orí rẹ̀ ni OTP, nọ́ńbà ìdánilójú ẹlẹ́ẹ̀kan tí báńkì ń fi ránṣẹ́, ń bọ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ sí báńkì

Àkáǹtì ìfowópamọ́ ni kí ẹ ní kí wọ́n ṣí. Kọ́rẹ́ńtì máa ń fẹ́ ẹlẹ́rìí méjì tó ní àkáǹtì kọ́rẹ́ńtì tiwọn, akẹ́kọ̀ọ́ ò sì nílò rẹ̀. Kí ọmọ mú ìwé NIN, fọ́tò pélébé méjì, lítà àdímíṣọ̀n tàbí káàdì ilé-ìwé, bílì tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, àti fóònù tí síìmù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dání.

Bílì yẹn ti di ìṣòro látìgbà tí mítà olówó ìṣáájú ti gbòde, nítorí kò sí bílì iná oṣooṣù mọ́. Báńkì kan lè gba rìsíìtì tókùn tí àdírẹ́sì wà lórí rẹ̀. Òmíràn máa fẹ́ bílì ilẹ̀-kíkó, bílì omi tàbí rìsíìtì owó ilé. Ẹ béèrè kí ẹ tó lọ. Àdírẹ́sì ilé tí ènìyàn wà lọ́sàn-án ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ti họ́sítẹ́ẹ̀lì. Báńkì lè rán ènìyàn wá yẹ ilé wò. Bó bá dé họ́sítẹ́ẹ̀lì tó ní yàrá igba, tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ tó ń béèrè, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò rí ibẹ̀, fáìlì á sì sùn síbẹ̀.

Ìtẹ̀ka náà lè gba àkókò. Ọwọ́ tó gbẹ, tó sán tàbí tó ní ojú ọgbẹ́ kì í tètè hàn lórí ẹ̀rọ. Kí ọmọ fọ ọwọ́, kó nù ún, kó fi ìpara díẹ̀ ra orí ìka, kó tún nù ún kó tó gbé e lé e. Bí ìka kan bá kọ̀, kó má kúrò níbẹ̀ títí òṣìṣẹ́ náà yóò fi kọ ọ́ sórí ẹ̀rọ pé ìka yẹn ò ṣeé gbà.

Kó tó jáde, kó gba nọ́ńbà àkáǹtì, kó kọ orúkọ òṣìṣẹ́ tó bá a ṣe é àti ọjọ́ náà sílẹ̀, kó sì béèrè pé: “Tíà kélòó ni àkáǹtì mi wà? Ṣé PND wà lórí rẹ̀? Kí ló kù tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?” Tíà ni ìpele àkáǹtì, òun ló ń sọ iye owó tó lè gbà; PND ni ìdènà tí kì í jẹ́ kí owó jáde nínú rẹ̀. Ìbéèrè kẹta yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ kì í bi wọ́n, òun ló sì máa ń fi ìdádúró ọ̀sẹ̀ méjì hàn kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀ka inú ọgbà ilé-ìwé máa ń kún fọ́fọ́ lọ́sẹ̀ tí àwọn ọmọ tuntun bá wọlé. Bí ẹ̀ka mìíràn ti báńkì kan náà bá wà láàárín ìlú, ibẹ̀ ni kó gbà lọ.

Ibo gan-an ló ti há?

“Àkáǹtì mi ò ṣiṣẹ́” ò tíì sọ nǹkan kan. Ibi mẹ́fà ló lè há sí, ohun tí ẹ ó sì ṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra. Ẹ lè wádìí rẹ̀ láti ilé pẹ̀lú ₦100.

Ẹ ṣí áàpù báńkì tiyín, ẹ tẹ nọ́ńbà àkáǹtì ọmọ, ẹ yan báńkì rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́wàá ló gbọ́dọ̀ jẹ́. BVN àti NIN ló ń jẹ́ mọ́kànlá, àwọn ọmọ kan sì máa ń ṣèèṣì fi BVN ránṣẹ́ sílé. Bí orúkọ kankan ò bá jáde, àkáǹtì ò tíì jí, lọ́pọ̀ ìgbà nítorí pé BVN ò tíì dé. BVN sábà máa ń dé lórí fóònù láàárín wákàtí 24. Bó bá ti ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti dá a padà nítorí ìtẹ̀ka tàbí nítorí pé ọmọ ti ní BVN níbòmíràn tẹ́lẹ̀. Ẹyọ kan ni ènìyàn ń ní láyé rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe é ní báńkì kan ò gbọdọ̀ tún òmíràn ṣe ní báńkì kejì, ti àkọ́kọ́ ni kó mú wá.

Bí orúkọ bá jáde ṣùgbọ́n tí kò tọ̀nà, ẹ má tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe.

Bí orúkọ bá tọ̀nà, ẹ fi ₦100 ránṣẹ́, kí ọmọ sì fi ₦50 ra owó ìpè láti inú rẹ̀. Bí ₦100 bá wọlé tí ₦50 ò jáde, PND nìyẹn: wọ́n ti ti ilẹ̀kùn tí owó ń gbà jáde. Ní December 2023, CBN pàṣẹ pé BVN tàbí NIN gbọ́dọ̀ wà lórí gbogbo àkáǹtì tó jẹ́ ti ènìyàn, láti 2024 ni báńkì sì ti ń ti èyí tí kò bá ní. Àkáǹtì ọmọdé tí ẹ ti ṣí fún un nígbà tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi wà nínú ewu yìí jù. Kí ọmọ mú NIN àti BVN lọ, kí wọ́n so méjèèjì mọ́ ọn, kó sì dúró kí wọ́n fi hàn án lójú ẹ̀rọ pé wọ́n ti yọ PND kúrò.

Bí owó kékeré bá ń wọlé tí owó ńlá ń padà, tíà ni. Tíà kìíní kì í gba ju ₦50,000 lọ lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbọdọ̀ ní ju ₦300,000 lọ nínú. Òbí tó bá fi ₦150,000 owó họ́sítẹ́ẹ̀lì sí i máa rí i pé ó padà sílé. Pípín in sí mẹ́ta lè gbà yín lónìí, àmọ́ tíà kẹta ni kí ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ, pẹ̀lú BVN, NIN àti ẹ̀rí àdírẹ́sì.

Bí áàpù bá ń ṣiṣẹ́ tí ATM ò fún un lówó, káàdì ni wọn ò tíì jí. ATM báńkì tó fún un ní káàdì ni kó ti kọ́kọ́ lò ó. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ní kó dúró de káàdì tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, kó béèrè bóyá wọ́n ní èyí tí wọ́n lè fún un lójú ẹsẹ̀.

OTP tí kò dé ló kù. Nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ báńkì ló sábà máa ń yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú fóònù ọmọ. Kó lọ bá wọn pẹ̀lú síìmù náà lọ́wọ́.

Kí ọmọ tó rí owó rẹ̀ gbà

Owó ilé-ìwé ò nílò àkáǹtì ọmọ rárá. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ọmọ máa gba nọ́ńbà ìsanwó tí wọ́n ń pè ní RRR, ti Remita, lórí ìkànnì ilé-ìwé, ẹ̀yin sì lè san án ní báńkì èyíkéyìí láti ibi tí ẹ wà. Kí ẹnikẹ́ni má pàdánù ìforúkọsílẹ̀ nítorí pé káàdì ò tíì jáde. Owó họ́sítẹ́ẹ̀lì ìta náà, ẹ san án tààrà fún onílé, kí ẹ gba rìsíìtì lórúkọ ọmọ.

Ti oúnjẹ, ẹ fún un lówó tó máa tó o fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní náírà lọ́wọ́ bó ṣe ń lọ, kó pín in sí ọ̀nà méjì, kó má kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan. Ó lè ṣí àpò owó orí fóònù bíi OPay tàbí PalmPay pẹ̀lú NIN tàbí BVN. Lórí OPay, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ láìsí òdo iwájú ni nọ́ńbà àkáǹtì, nítorí náà bí síìmù bá sọnù, kó sáré pe ilé-iṣẹ́ síìmù láti ti nọ́ńbà náà kó tó wá ohunkóhun mìíràn ṣe.

Ẹ má jẹ́ kó máa gba owó sínú àkáǹtì ọ̀rẹ́ inú yàrá. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rẹ́ gba owó tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó ti wá sínú àkáǹtì ọmọ yín lọ́jọ́ tó bá jí. Gbájú-ẹ̀ máa ń wá àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́ fún irú iṣẹ́ yìí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí àkáǹtì sì ni EFCC máa kọ́kọ́ kàn sí.

Bó bá fẹ́ gba ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba àpapọ̀, NELFUND, owó ilé-ìwé máa lọ sọ́dọ̀ ilé-ìwé tààrà; ₦20,000 oṣooṣù fún àtijẹ ló ń wọ àkáǹtì ọmọ. Wọ́n máa ń fi NIN, BVN àti nọ́ńbà JAMB wéra, nítorí náà bébà tí ẹ da orúkọ kọ sí nílé tún wúlò níbí. Àkáǹtì báńkì tó ti wà ní tíà kẹta ni kó kọ sí fọ́ọ̀mù, kì í ṣe èyí tí PND wà lórí rẹ̀.

Bí wọ́n bá ṣì ń sọ pé ọ̀la

Ọ̀rọ̀ ẹnu ò ní ojú-ìwé. Lẹ́yìn ìgbà kejì tí wọ́n bá dá ọmọ padà, kó fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ìtọ́jú oníbàárà báńkì náà: orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà lórí NIN, nọ́ńbà àkáǹtì, ẹ̀ka tó ti ṣí i, ọjọ́ tó ṣí i, ọjọ́ tó padà lọ, orúkọ òṣìṣẹ́ tó bá sọ̀rọ̀, àti ohun kan pàtó tó fẹ́ kí wọ́n ṣe, bí àpẹẹrẹ kí wọ́n yọ PND. Kó fi fọ́tò ìwé NIN sí i. Kó má ṣe kọ PIN tàbí OTP síbẹ̀ láéláé, báńkì kì í béèrè wọn. Kó béèrè nọ́ńbà ẹ̀sùn, kó sì tọ́jú rẹ̀.

Àkáǹtì tó bá wà lórúkọ ọmọ tó ti pé 18, báńkì ò ní bá yín sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, bó ti wù kẹ́ ẹ bínú tó lórí fóònù. Òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ̀wé. Ẹ lè bá a ka ímeèlì náà kó tó fi ránṣẹ́.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé láìsí ojútùú, kó dá ímeèlì kan náà, ìdáhùn báńkì àti nọ́ńbà ẹ̀sùn kọ sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní CBN, cpd@cbn.gov.ng. Bí báńkì ò bá tilẹ̀ fèsì rárá, kó fi ẹ̀rí ọjọ́ tó fi ímeèlì tirẹ̀ ránṣẹ́ sí i; CBN ò ní gba ẹ̀sùn tí kò kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ báńkì kọjá.